Fìlà Tí Mo Dé Sórí Àwẹ̀ró

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tí oòrùn bá ń pa kí ó sún wọ abẹ́ ọdán, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kí ó bu omi nínú àmù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, kò sì dùn lẹ́nu èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí Ọdẹ́rìndé, olórí ọdẹ Òkèodò, kì í dé fìlà. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Àwọn kan ní mo bá iwin jà nínú igbó, iwin sì já fìlà gbà lórí mi. Iwin wo? Èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ gbójú kúrò, iwin wo ni yóò já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi? Ojú ló ń tì mí ni mi ò ṣe sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n lónìí, Àwẹ̀ró ọmọ mi ń gbé ọmọ tuntun rẹ̀ bọ̀ láti ilé ọkọ, ẹ sì ti pé jọ, ẹ ń béèrè pé ta ni yóò fi fìlà ọdẹ kan ọmọ náà lórí. Kò sí ẹni tí yóò fi fìlà kàn án. Kí ó tó dé, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ àṣà wa àtijọ́. Bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá ní Òkèodò, kì í fọ fìlà tí ó dé pa á. Òógùn àti ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ fìlà náà ni ọlá rẹ̀. Yóò bọ́ ọ, yóò dé e sórí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ náà yóò sì jó yí ìlú ká. Bí ó bá ti ń kọjá, àwọn ìyá yóò máa gbé ọmọ tiwọn jáde pé kí wọ́n fi fìlà náà kàn wọ́n lórí, kí oríire lè ràn wọ́n. Fìlà tèmi, láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ bàbá mi, kò fojú kan omi. Mo máa ń fi í yangàn láàárín ọdẹ, mo máa ń ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Ọdún tí mo pa ẹfọ̀n odò Ọ̀yán, èyí tó ti sọ ìyàwó ọdẹ di opó ní abúlé mélòó kan, mo dé fìlà náà sórí Àwẹ̀ró. Ọmọ kékeré ni nígbà yẹn, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Fìlà bò ó lójú, ó ń fi ọwọ́ tì í sókè, ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ilé tí a kò dé. Èmi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, mo ń yin ìbọn sókè, inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yún un ní àtàrí. Ó rí roboto, etí rẹ̀ wú díẹ̀, àárín rẹ̀ funfun, ó ń họ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, irun ibẹ̀ sì ń kán kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ. Làpálàpá ni. Ọlátóún, ìyá rẹ̀, fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi àdín àgbọn pa á, ó gún ewé tí àwọn obìnrin mọ̀ lé e. Ó lọ níbì kan, ó yọ níbòmíràn, títí orí ọmọ fi dà bí oko tí eṣú jẹ. Mo fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá, pé kí n wá nǹkan gidi bá àwọn sọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a jẹun nínú àwo kan náà mọ́. Ní ilé ìwé, ó ń dá jókòó. Àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ẹ̀mí ẹfọ̀n ló tẹ̀lé mi wálé tí ó ń jẹ irun ọmọ mi. Ó wá di pé Àwẹ̀ró ń wé gèlè láti òwúrọ̀ di alẹ́, nínú oòrùn tí ń yan èèyàn, ẹ̀yìn àká ló sì ń jókòó sí.

Ọjọ́ kan ni Ògúnṣakin, olórí ọdẹ Ìmọ́là, wá kí mi nítorí ẹfọ̀n náà. Ẹ mọ irú èèyàn tí ó jẹ́: bí ó bá rí àbùkù lára èèyàn, gbogbo ìlú méje á gbọ́. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ròyìn, ẹnu mi ń dún. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà ní àgbàlá, kò mọ̀ pé gèlè ti yọ̀ kúrò lórí òun. Ògúnṣakin fojú sí ibẹ̀, ó yínmú díẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ ta nìyẹn?”

Mo ní, “Ọmọ aládùúgbò ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Mo wo ọmọ náà. Kò gbé orí sókè, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò gbọ́. Ògúnṣakin lọ tán, mi ò lè jẹun, mi ò sì lè wo ojú Ọlátóún. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ní mo ń lọ pa erin. Kí ọdẹ lọ pa erin, ìyẹn ṣeé sọ lẹ́nu. Ta ni yóò sọ pé òun ń wọgbó nítorí làpálàpá?

Mo rìn títí mo fi dé ibi tí mi ò dé rí, èmi tí mo lérò pé igbó náà kò ní ìkọ̀kọ̀ fún mi. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò kan tó ti wó. Níwájú mi, olú hù yí ilẹ̀ ká roboto. Àárín gbẹ, etí ló tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i bí mo ṣe ń wò ó. Bó ṣe rí lórí ọmọ mi gan-an nìyẹn. Inú bí mi. Mo fo sí àárín rẹ̀, mo fi ìdí ìbọn lu ilẹ̀, mo ní bí ẹ bá ní ọba, ẹ jẹ́ kí ó jáde wá bá mi. Ilẹ̀ là, ó gbé mi mì.

Nígbà tí mo lajú, mo bá ara mi ní ìlú kan tí oòrùn kò dé. Igi tó ti wó ni wọ́n fi ṣe ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan dúró ní ibodè, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó dé akẹtẹ̀ tó fẹ̀ bí òrùlé. Nígbàkigbà tí ó bá mi orí, eruku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á bọ́ láti abẹ́ akẹtẹ̀ náà, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ó ní ọmọ òun ni gbogbo eruku yẹn. Èyí tó bá bọ́ síbi tó tutù tí oúnjẹ wà yóò hù, èyí tí kò bá rí irú ibẹ̀ yóò dúró dè é, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ó ní kí n tó wọlé, kí n já àlọ́ kan. “A kì í ṣe igi, a kì í ṣe ẹranko. A ò ní ewé tí a fi ń gba oòrùn, a ò ní eyín tí a fi ń jẹ ẹran. Ìrókò tí gbogbo ọkùnrin ìlú yín kò lè gbé, àwa la jẹ ẹ́ tán. Ta ni wá?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, bí àlọ́ bá ta kókó ní Òkèodò, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Mo gbọn ẹ̀wù mi, mo ní, “Ikán ni yín.” Ẹlẹ́sẹ̀kan rẹ́rìn-ín títí eruku rẹ̀ fi kún imú mi. Ó ní ikán ní ẹnu, ó sì ní ẹsẹ̀ ju ti òun lọ. Ó ní àwọn a máa tutọ́ sórí oúnjẹ kí àwọn tó jẹ ẹ́, itọ́ náà á sọ oúnjẹ di omi, àwọn á sì fà á mu. Ìgbà náà ni mo rántí iṣu tó bu nínú àká mi, tí ó rọ̀, tí ó ń ṣomi, tí irun funfun sì bo ara rẹ̀. Mo rántí olú tó hù lára igi jíjẹrà. Mo ní, “Olú ni yín, ẹ̀yin àti èyí tó ń mú iṣu bu.” Ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́, pé olú àti èbu àti ìwúkàrà, ìbátan ni wọ́n, baba kan náà ló bí wọn.

Ó ṣí ibodè. Bí mo ti fẹ́ kọjá, ó béèrè pé nítorí ta ni mo ṣe wá. Mo ní ọmọ aládùúgbò mi kan ni. Ó mi orí. Fọ́nrán funfun kan yọ láti inú ilẹ̀, kò nípọn ju òwú lọ, ó lọ́ mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Mo fà á já, ó tún yọ. Mo bá fi í sílẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ.

Mo rìn dé àdúgbò kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tí ó ń hó. Àwọn ìwúkàrà ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n sanra, wọ́n rí roboto, wọn kì í lóyún sínú: èjìká ni ọmọ wọn ti ń yọ bí kókó, á tóbi, á já bọ́, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ tirẹ̀ kí ìyá tó ṣẹ́jú. Ìyá Abọ́mọléjìká ni olórí wọn. Ó gbé ẹmu fún mi, ó dùn, ó ń ta mí ní ahọ́n. Ó ní ọwọ́ àwọn ni ó ti wá, pé àwọn ló wà nínú ẹmu tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ló wà nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí ó fi ń wú. Mo mu ún, mo yìn ín, mo tún gbé igbá síwájú.

Nígbà tí ó rí i pé ara tù mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn kan nínú àwọn ọmọ òun ń gbé nínú èèyàn, ní ẹnu, nínú ìfun, ní abẹ́ obìnrin, bí ayálégbé. Bí onílé bá lera, wọn á jókòó jẹ́ẹ́. Bí àìsàn mìíràn bá ti sọ onílé di aláìlágbára, tàbí tí ó bá gbé oògùn mì tó pa gbogbo àwọn kòkòrò rere tí ń ṣọ́ wọn, wọn á tẹ́ ẹní wọn jákèjádò ilé. Ẹnu ọmọ ọwọ́ tó funfun tí kò jẹ́ kó lè mu ọmú, iṣẹ́ wọn ni. Ibi tó ń yún obìnrin tí kò lè sọ fún ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni.

“Ẹ máa ń rò pé òógùn ara yín ni à ń jẹ,” ni Ìyá Abọ́mọléjìká wí. “Ìtìjú yín ni a fi ń sanra. Ẹni tí ojú bá ń tì kì í gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè lé wa. Ìwọ, ta lo wá fún?”

Ẹmu ti wà lójú mi, síbẹ̀ irọ́ náà kò sọnù lẹ́nu mi. Mo ní ọmọ aládùúgbò ni, pé ọmọ náà ló ń ṣe mí láàánú. Ó gba igbá lọ́wọ́ mi. Fọ́nrán funfun gun mí dé orúnkún.

Ọ̀nà ààfin gba inú ihò àdán kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọdé, ihò yẹn burú ju ihò ẹkùn lọ. Ìgbẹ́ àdán kún ilẹ̀ rẹ̀, eruku ń rú sókè, àgbàlagbà kan tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró lẹ́nu rẹ̀. Olójú-Méjì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní nínú òtútù ìta, òun jẹ́ fọ́nrán bí èbu. Bí èèyàn bá fa òun símú tí òun dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ooru ibẹ̀ bá ti kan òun, òun á di roboto bí ìwúkàrà, òun á sì máa yọ ọmọ níbẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní èmi Ọdẹ́rìndé ti sùn nínú ihò àdán, mo sì jí.

Ó ní, “Ọdẹ mélòó nínú ẹgbẹ́ yín ló ti wúkọ́ títí ó fi kú, tí ẹ ní ayé ló pa á?”

Mo rántí àbúrò bàbá mi, mo rántí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣọdẹ. Olójú-Méjì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n bọ́ fìlà, kí n rì í sínú omi, kí n fi bo imú kọjá. Mo ní mi ò lè bọ́ fìlà mi, kì í sì í rí omi. Mo ya etí dàńṣíkí mi dípò rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi di imú, mo sì rọra tẹ ilẹ̀ kí eruku má baà rú. Inú ihò náà ṣókùnkùn, àyà mi ń jó bí iná, àdán ń gbá mi lójú. Mo jáde ní òdì kejì, mo ṣubú lulẹ̀, mo ń mí gùlegùle. Olójú-Méjì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Kò bi mí pé ta ni mo wá fún. Ó kàn ní, “Ṣé ọmọ aládùúgbò yẹn mọ̀ pé o fẹ́ràn òun tó báyìí?” Mo gbìyànjú láti dìde. Fọ́nrán ti dé ìbàdí mi, ó sì ti bo ẹnu ìbọn mi pa.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ́ ara mi dé iwájú Ọba Aláìléwé. Òkìtì funfun ńlá ni, fọ́nrán rẹ̀ gba abẹ́ gbogbo ìlú náà kọjá, kò sì sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Àwọn ìjòyè rẹ̀ jókòó yí i ká. Èyí tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ obìnrin kan tó rẹwà, tó kó òrùka sí ọrùn àti apá, tó ń fi èékánná họ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Kábíyèsí, ọmọ aládùúgbò mi kan ni làpálàpá ń bá jà. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ pè é kúrò lórí rẹ̀.”

Ọba ní kí n máa lọ sílé. Ó ní bàbá ọmọ náà kò tíì wá, pé ìgbà tí ó bá wá ni àwọn yóò sọ̀rọ̀. Fọ́nrán gun àyà mi, ó yí ọrùn mi ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ìgbà náà ni obìnrin olórùka dìde, ó rìn yí mi po. Ó ní, “Ọdẹ, o ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀ mí. Ṣé orí rẹ kọ́ ni mo ti gbéra? Bọ́ fìlà.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì rò ó níbẹ̀ pé kí fọ́nrán náà kúkú pa mí. Bí ó bá pa mí, wọn yóò ní Ọdẹ́rìndé kú sínú igbó bí akọni. Ṣùgbọ́n ojú Àwẹ̀ró yọ sí mi, níbi tí ó gbé ń ṣa ẹ̀wà tí kò gbé orí sókè. Ta ni yóò wá sí ìlú yìí nítorí rẹ̀ bí mo bá kú? Mo na ọwọ́ sókè, mo bọ́ fìlà. Làpálàpá, obìnrin olórùka náà, fi ìka tọ́ ibì kan lẹ́yìn orí mi, níbi tí orí ti pá, tí ara sì ń họ. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé irun kò sí níbẹ̀. Àgbà àti ẹrù rírù ni mo rò pé ó fà á, bó bá sì ń yún mi, mo máa ń fi ọ̀pá ìbọn họ ọ́.

“Orí rẹ ti gbó, ó ti le,” ni Làpálàpá wí. “Oúnjẹ díẹ̀ ni mò ń rí jẹ níbẹ̀. Inú fìlà ni mo ti ń retí. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé mi lé orí ọmọdé tó rọ̀ fún mi, ìwọ lo ń yin ìbọn, ìwọ lo ń kọrin, o sì tún mú mi kiri láti ilé dé ilé. Mi ò rí ọba tí wọ́n ṣe irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fún rí.”

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Mo fi ojú bolẹ̀. Ìtìjú tí mo ti ń fi ọmọ mi bò mọ́lẹ̀, orí èmi gan-an ló ti wá. Mo sunkún níbẹ̀, èmi tí ẹfọ̀n kò pa lẹ́kún.

Mo ní, “Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀.”

Fọ́nrán tú kúrò lọ́rùn mi, ó tú kúrò láyà mi, ó wọ ilẹ̀ lọ. Ọba Aláìléwé sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi fún ẹkùn pa jẹ, mo sì ti fi tèmi fún aládùúgbò tí kò sí. Ó ní òun kò ní pe Làpálàpá padà, nítorí irú àwọn kì í gbọ́ ìpè. Ibi tó rọ̀ tí oúnjẹ wà ni àwọn mọ̀. Ṣùgbọ́n òun yóò sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún mi. Ó ní ìdí irun ni ó ń gbé, nísàlẹ̀ awọ orí, àdín àti ewé kò sì dé ibẹ̀. Oògùn tí ọmọ bá gbé mì ni yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a nílé, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró nígbà tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù, àfi tí oògùn bá pé. Ó ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: kí n dáná sun fìlà, kí n se ìyarun àti abẹ ìfárí nínú omi híhó, kí n sì wá gbogbo orí tí fìlà náà ti kàn rí.

Mo bi í pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn, tí kò ní jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò tó wó, oòrùn wà ní àtàrí, fìlà sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo gba ilé lọ, mo mú Àwẹ̀ró lọ́wọ́, mo mú un lọ sí dísípẹ́ńsárì pẹ̀lú orí mi ní ìhòòhò. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tú gèlè ọmọ náà, ó fi abẹ ha ìpẹ́ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ sórí gíláàsì, ó ní wọn yóò fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó ní, “Bàbá, ta ló ni ọmọ?” Mo ní èmi ni. Mo yí ẹ̀yìn orí mi sí i, mo ní kí ó wo èmi náà, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ti kó o. Àwẹ̀ró gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì tún wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ọ̀nà tí a gbà jó ní ọjọ́sí. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mo ń sọ ọ́: fìlà mi ló ní àrùn, ẹ jẹ́ kí n wo orí ọmọ yín. Àwọn kan bú mi. Ọkùnrin kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n ní ilé kejì, ìyá kan wo òsì wo ọ̀tún, ó tú gèlè kékeré kan lórí ọmọ rẹ̀. Ní ilé tó tẹ̀lé e, wọ́n mú ọmọkùnrin kan jáde láti yàrá. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará mi: àwọn ọmọ tí kò bá Àwẹ̀ró jẹun, àwọn kan nínú wọn ní i lórí tí ìyá wọn ń bò ó. Gbogbo wa la ń tìjú ara wa lórí nǹkan kan náà. Mo dáná sun fìlà bàbá mi níwájú ilé yìí. Ó rùn gan-an.

Oògùn pẹ́ kí ó tó pé, Ọlátóún kò sì jẹ́ kí ọmọ fo ọjọ́ kan. Ìpẹ́ gbẹ, ó ré dànù. Irun hù, dúdú, ó kún. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dì í ní ṣùkú, mo ra ìlẹ̀kẹ̀ sí i, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò ó, mo lérò pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ìgbà náà ni Ògúnṣakin tún yà. Ó rí ọmọbìnrin tó ń gbé omi wá fún un, tó kúnlẹ̀, tí irun rẹ̀ ń dán. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Irú ọmọ tó dára báyìí, ọmọ ta ni?” Mo ti la ẹnu. Mo fẹ́ fi ìgbéraga sọ ọ́, kí gbogbo ìta gbọ́. Àwẹ̀ró ti dá a lóhùn ṣáájú mi.

Ó ní, “Ọmọ aládùúgbò ni mí, sà.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó gbé igbá omi kalẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Mo sọ fún Ògúnṣakin níbẹ̀ pé ọmọ mi ni, pé irọ́ ni mo pa fún un ní ìjọsí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ròyìn mi ní ìlú méje bí mo ṣe rò ó. Ìyẹn kò dùn mí. Mo bẹ ọmọ náà, ó ní kò sí nǹkan, bàbá. Ó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ, kò já mi kulẹ̀ rí, ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo wí yìí, Àwẹ̀ró kì í wọ ilé yìí bí ọmọ ṣe ń wọ ilé baba rẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí àgò, á dúró títí ẹnìkan á fi dá a lóhùn. Awọ orí rẹ̀ ti san. Ibi tí oògùn gbígbé mì kò dé ni mo wí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lójúde, ọmọ ọwọ́ sì ń ké. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe dáhùn, èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

“Àgò o, ẹ̀yin ará ilé.”

Àgò yà, ọmọ mi. Ọmọ mi ni ọ́. Wọlé.